Ìwé Ẹ̀bẹ̀ Ẹgbẹ́ Bírikìlà àti Àwọn Oníbúlọ́ọ̀kù: Kí Ọ̀nà Mìíràn Wà Kí Ẹ Tó Wó Afárá Ẹ̀yìn Ọjà

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo àwọn ọlọ́lá káńsẹ́lọ̀,
Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọlọ́lá jùlọ,

A kí yín, a sì kí gbogbo ìgbìmọ̀ yín kú iṣẹ́ ìlú. Àwa tí a pa ohùn pọ̀ kọ ìwé yìí ni àwọn bírikìlà, àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù, àwọn tó ń di irin, àti àwọn káfíńtà tó ń kan pákó tí a ń da kọnkéré sí, tí ibi iṣẹ́ wa wà ní òdìkejì odò tó gba ẹ̀yìn ọjà kọjá. A gbọ́ ìkéde káńsù pé ẹ ó wó afárá odò náà nínú oṣù Agẹmọ tí ń bọ̀, kí ẹ lè kọ́ tuntun rọ́pò rẹ̀. Inú wa dùn sí i, nítorí ó ti pẹ́ tí a ti ń bẹ̀bẹ̀ fún un. Ohun tí a wá tọrọ ni pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan èyí tó wà nílẹ̀ títí ọ̀nà mìíràn tí ọkọ̀ ẹrù lè gbà yóò fi wà, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ẹnjiníà yẹ ìsàlẹ̀ omi wò dáadáa kí wọ́n tó pinnu ibi tí òpó tuntun yóò dúró sí.

Kì í ṣe pé a fẹ́ kí afárá yìí wà bẹ́ẹ̀. Kọnkéré ni iṣẹ́ wa, a sì mọ ohun tí ojú wa ń rí. Lábẹ́ rẹ̀, ní ìhà ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, símẹ́ńtì ti ṣí kúrò lára irin, irin náà ti wú, ó sì ń ṣí ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, tó fi jẹ́ pé bí ènìyàn bá fi òòlù kàn án díẹ̀, ègé rẹ̀ á já bọ́ sínú omi. Ọwọ́ afárá ní apá ọ̀tún ti tẹ̀ sínú odò láti ìgbà tí tìpà kan ti forí sọ ọ́, okùn ọ̀rá àti igi ọparun ni wọ́n fi dí àlàfo tó ṣẹ́kù. Síbẹ̀, orí rẹ̀ ni símẹ́ńtì ń gbà wọlé sọ́dọ̀ wa, orí rẹ̀ ni búlọ́ọ̀kù ń gbà jáde, òun náà sì ni àwọn ọmọ iléèwé àti àwọn ìyá wa tó ń ru gàrí, ẹ̀gúsí àti kajú lọ sọ́jà ń gbà. Bí ẹ bá wó o láìsí ìrọ́pò, ọkọ̀ tó kó búlọ́ọ̀kù yóò ní láti yí gba títì ńlá tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, níbi tí àwọn tírélà ti ń du ojú ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́, kó tó tún padà wọ ìlú. Ẹni tó ń kọ́ ilé oníyàrá méjì ni yóò san owó epo yẹn, kì í ṣe àwa.

Ẹ̀rù tó ń bà wá kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Ní àdúgbò kan tí a kò ní dárúkọ nínú ìlú yìí, wọ́n hú kọ́fátì kan pé àwọn fẹ́ tún un ṣe. Agbaṣẹ́ṣe gba owó àkọ́kọ́, ó kó òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ dà sílẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Òjò rọ̀, kòtò náà di adágún, pákó méjì ni àwọn ará àdúgbò fi ń kọjá títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún wa láyè kí a mẹ́nu ba afárá kan tí kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ìyẹn afárá Carter ní Èkó, nítorí pé wọ́n kọ́ ọ, wọ́n tún un kọ́, wọ́n sì tún tún un kọ́ lẹ́ẹ̀kẹta sójú ọ̀sà kan náà, ohun tí a sì ń bẹ̀bẹ̀ fún hàn kedere nínú ìtàn rẹ̀. Gilbert Carter tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é kì í ṣe àjèjì sí wa ní apá ibí. Òun ni gómìnà Èkó tó gòkè wá sí àárín ilẹ̀ Yorùbá ní 1893, tó sì bá Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ọ̀yọ́ nínú oṣù Èrèlé ọdún náà.

Erékùṣù ni Ìsàlẹ̀ Èkó, ọkọ̀ ojú omi sì ni wọ́n fi ń dé ibẹ̀ láti orí ilẹ̀ kí afárá yìí tó wà. Nígbà tí àwọn òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìdó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, wọ́n rí i pé rélùwéè tí ẹrù rẹ̀ kò lè dé èbúté kò ní wúlò tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ọ̀nà àti afárá ní láti bá ojú irin rìn pọ̀. Erékùṣù ni Ìdó alára nígbà náà. Ọ̀nà tí wọ́n sọ ní orúkọ George Denton, tó ń delé fún gómìnà nígbà yẹn, ló so Èbúté Mẹ́ta, tó wà lórí ilẹ̀, mọ́ Ìdó, afárá Carter sì so Ìdó mọ́ Ìdúmọ̀tà ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ní 1901 tí wọ́n ṣí ojú irin Ìbàdàn ni afárá Carter náà parí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí yóò mọ ìdí tí irú ọ̀nà ojú omi bẹ́ẹ̀ fi máa ń jẹ́ oríṣi méjì: ibi tí omi kò bá jìn ni ènìyàn lè fi ilẹ̀ àti òkúta kún títí yóò fi di ọ̀nà gbígbẹ, ṣùgbọ́n ibi tí omi ti ń ṣàn gidi, àfi kí a gbé afárá lé òpó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ omi yóò wá ọ̀nà tirẹ̀ gbà, kò sì ní béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo bí ẹrù ṣe ń pọ̀ sí i lórí afárá náà. Kò tíì sí lọ́rì ní ilẹ̀ wa nígbà tí wọ́n kọ́ ọ. Ní 1902, ọdún kan péré lẹ́yìn tó parí, tíráàmù tó ń fi èéfín ṣiṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí rẹ̀ kọjá láti Ìdó wọ Ìsàlẹ̀ Èkó, ó sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí di 1913. Lẹ́yìn náà ni lọ́rì dé, láti ìgbà náà títí di ìgbà tí afárá mìíràn fi wà, kò sí ọkọ̀ kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ kó ẹrù lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó tí kò gba orí afárá Carter. Àwọn bàbá wa tó ń ṣòwò káàkiri, tí ìlú yìí fi gbajúmọ̀ dé Gold Coast (Gánà òde òní) àti òkè Ọya, mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, ìjọba òyìnbó tún afárá náà kọ́. Àwọn tó kọ́ ti àkọ́kọ́ kò ya ọ̀lẹ. Ẹrù tí a gbé lé e lẹ́yìn náà ni kò sí nínú ìṣirò wọn.

Èyí tó wà lọ́kàn wa jù ni ti ẹ̀ẹ̀kẹta. Láàárín 1965 sí 1975 ni wọ́n kọ́ Eko Bridge ní ìpele-ìpele, òun sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí ilé iṣẹ́ Julius Berger ṣe ní Nàìjíríà. Ìgbà tí ìyẹn ti ń gba ọkọ̀ tán ni wọ́n tó tú afárá Carter ká ní ìparí àwọn ọdún 1970, tí wọ́n sì tún àwòrán rẹ̀ yà, tí wọ́n tún un kọ́. Ọlọ́lá, ẹ bá wa wo ìtòtẹ̀léra yẹn. Bí ó bá jẹ́ pé afárá kan ṣoṣo ni Èkó ní lọ́jọ́ tí wọ́n tú u ká, ọjà Ìdúmọ̀tà ì bá ti pa. Bákan náà ni ti afárá ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Third Mainland Bridge, tí wọ́n ṣí apá kìn-ín-ní rẹ̀ ní 1980, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1990, tó gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 11.8. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe àtúnṣe rẹ̀ ní 2020, apá kan ni wọ́n ń tì, tí ọkọ̀ sì ń gba apá kejì, kí ìlú má baà dúró. Ariwo sún kẹrẹ fà kẹrẹ pọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kò tì.

Afárá kan náà, ìyẹn Carter, tún ti padà sí ẹnu àwọn aláṣẹ. Ní 2025, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ òde sọ ọ́ ní gbangba pé àyẹ̀wò abẹ́ omi fi hàn pé ìdí àwọn òpó rẹ̀ ti bàjẹ́ gan-an, pé àtúnkọ́ ló kù, wọ́n sì dárúkọ àwọn tó ń wa yanrìn láìgba àṣẹ nínú ọ̀sà mọ́ ohun tó ń ba àwọn afárá Èkó jẹ́. Lójú ẹni tó ń gba orí rẹ̀ kọjá, ọ̀nà dán, ọ̀dà funfun wà lórí títì. Abẹ́ omi ni àìsàn wà. Iyọ̀ inú omi ọ̀sà máa ń wọ inú kọnkéré díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dé ara irin. Irin á dípẹtà, ìpẹtà yẹn á gba àyè ju irin lọ, á sì ti kọnkéré là láti inú wá. Bí yanrìn ìdí òpó bá tún ṣí, òpó náà á dà bíi pé ó ga sí i, àmọ́ ohun tó dì í mú ti dín kù.

Odò tiwa kò ní iyọ̀, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn dẹ́rù ba káńsù láti mú owó iṣẹ́ ga. Àgbàrá òjò àti tìpà ni ọ̀tá afárá tiwa. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn yanrìn kan wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ìsàlẹ̀ afárá ẹ̀yìn ọjà, ibi tí ènìyàn kò lè ju òkúta kọjá, ni wọ́n ti ń wa yanrìn láràárọ̀ nígbà ẹ̀rùn, odò náà sì ti jìn níbẹ̀ débi pé nígbà tí omi bá pọ̀, ńṣe ló ń fà láti òkè wá gbẹ́ ìdí òpó. Àwa la ń ra yanrìn yẹn. Òun ló sún mọ́ wa jù, òun ló sì rọjú jù, bí ẹ bá sì lé àwọn tó ń wà á kúrò níbẹ̀, iye tí a ń ta búlọ́ọ̀kù kan yóò gbé pẹ́ẹ́lí. A jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí ní ìpàdé ẹgbẹ́, àríyànjiyàn pọ̀, àwọn kan bínú jáde, ṣùgbọ́n ibi tí a fi àbọ̀ sí ni pé kí ẹ lé wọn. Kí ẹ fi àyè mìíràn hàn wọ́n ní ìsàlẹ̀ odò lọ́hùn-ún, kí ẹ sì ri òpó àmì mọ́lẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wa yanrìn kọjá.

Ní ti ọ̀nà ìgbà díẹ̀ tí a ń tọrọ, kò ní ná káńsù ní owó púpọ̀. Bí omi bá ti fà nínú oṣù Bélú, ènìyàn lè to páìpù kọnkéré ńlá-ńlá sínú odò ní apá òkè afárá, kí a kó òkúta àti ilẹ̀ pupa lé e, kí a sì tẹ̀ ẹ́ dáadáa, yóò gba ọkọ̀ kọjá títí ẹ̀rùn yóò fi parí. Ohun tó mú kí oṣù Agẹmọ tí ìkéde yín dá máa kọ wá lóminú nìyẹn: àárín òjò ni, omi yóò gbé páìpù lọ, kò sì sí bírikìlà tó gbọ́n tí yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀ òpó sínú odò tó kún. Bí ẹ bá sún un sí ìgbà ẹ̀rùn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ti ṣetán láti ṣe ọ̀wẹ̀ ọ̀nà ìgbà díẹ̀ náà; káńsù yóò pèsè páìpù àti katapílà, àwa yóò mú ọwọ́ wa, ṣọ́bìrì wa àti àwọn ọmọ iṣẹ́ wa wá.

Títí di ìgbà náà, kí ẹ jọ̀wọ́ ri òpó irin sí ẹnu afárá àtijọ́ ní ìhà méjèèjì, kí ẹ sì gbé irin ìdábùú lé e lókè ní ìwọ̀n tí pikọ́ọ̀pù àti kẹ̀kẹ́ Maruwa lè gbà kọjá, tí tìpà kò lè gbà. Pátákó tí a kọ ìkìlọ̀ sí kò tó. Àwọn awakọ̀ tìpà mọ̀wé, wọn kì í kàn án kà ni.

Nígbà tí iṣẹ́ bá sì bẹ̀rẹ̀, a bẹ̀ yín kí ẹ fi ẹni kan láti ẹgbẹ́ wa àti ẹni kan láti ọ̀dọ̀ Ìyálọ́jà kún àwọn tí yóò máa lọ wo ibẹ̀, kí wọ́n lè wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń da kọnkéré ìdí òpó. Ọjọ́ yẹn gan-an ni símẹ́ńtì máa ń dín, nítorí omi yóò bo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó di ọjọ́ kejì, ojú ẹnikẹ́ni kò sì ní tó o mọ́. Kí ẹ sì ya owó díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú ìṣúná ọdọọdún fún kíkó ìdọ̀tí tó bá há sí ẹsẹ̀ afárá tuntun kúrò lẹ́yìn òjò kọ̀ọ̀kan, àti fún yíyẹ ìdí òpó wò nígbà tí omi bá fà.

A ti ya àwòrán ibi tí ọ̀nà ìgbà díẹ̀ náà lè gbà sórí ìwé, a sì fi í mọ́ ẹ̀bẹ̀ yìí. Bí ẹ bá lè fún wa ní ọjọ́ kan kí oṣù Òkúdù tó parí, àwọn aṣojú wa yóò wá rí yín ní ọ́fíìsì, tàbí kí ẹnjiníà káńsù wá bá wa lẹ́bàá odò, kí a jọ wọ abẹ́ afárá náà.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,

Alága, Akọ̀wé àti Akápò,
ní orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bírikìlà àti àwọn oníbúlọ́ọ̀kù ẹ̀yìn odò, Ògbómọ̀ṣọ́.