Ìyá Ìbejì, Ìyá Kánò ti lọ

Ẹ̀gbẹ̀, Ìpínlẹ̀ Kogí

Ìyá Ìbejì mi,

Ọ̀kun o. Ṣé ara le? Baba àwọn ọmọ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí o ti gbọ́ fìrí, àmọ́ ẹnu mi ni mo fẹ́ kí o ti gbọ́ ọ tán: Ìyá Kánò ti papò dà. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni, kí àkùkọ tó kọ. Orí itan mi ni orí rẹ̀ wà.

Ní ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn, kò sọ Yorùbá mọ́. Hausa ló ń sọ ṣáá, bí ẹni tó wà láàárín ọjà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nínú gbogbo wa. Mo ní kí ọmọ mi sáré pe mẹ̀súyà tó ń ta ní gáréèjì wá. Mẹ̀súyà náà bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó lóṣòó ti bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Màmá ń bèèrè bóyá rélùwéè ti dé." Jirgi ya zo? Ohun tó ń wí látàárọ̀ nìyẹn! Ó dá a lóhùn jẹ́jẹ́ pé, "Bai zo ba tukuna," kò tíì dé. Ìyá mí kanlẹ̀, ó ní "To," ó sì sùn. Mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé, mo sunkún.

O rántí bó ṣe máa ń sọ ọ́ fún wa lálẹ́, tí ìwọ á ní kó tún ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ ọ́. Lọ́rì ló ń gbé e dé Ọ̀fà pẹ̀lú èlùbọ́ àti aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun lórí òfì tó fi ti ògiri. Láti Ọ̀fà, rélùwéè. Lórí afárá Jẹ́bà, á ju kọ́bọ̀ kan sí Odò Ọya láti ojú fèrèsé, á ní kí odò bá òun ṣọ́ àwọn tó kù nílé. Òkìtì ẹ̀pà Kánò tí wọ́n to àpò lé àpò dé góńgó, ó ní ìgbà àkọ́kọ́ tí òun rí i, òun rò pé òkè ni, òun sì ń wá ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò mọ ọdún tí wọ́n bí i. Ohun tó mọ̀ ni pé òun ti pọn ọmọ nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dá ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀ sílẹ̀ ní 1952, ibẹ̀ la ti ń ka ọjọ́ orí rẹ̀. Títí tó fi kú, ogún náírà ò yéé jẹ́ pọ́n-ùn mẹ́wàá lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ wá kúrò ní Kwara ní 1991, ó ní inú yàrá kan náà ni òun ń sùn, ìjọba ló ń kó kiri.

Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ìsìnkú. Àbúrò bàbá mi tó wà l'Ékòó ní ká ṣe é tìlùtìfọn. Àwọn ti Àbújá ní àwọn ò lè gba ọ̀nà Kàbà wọlé nítorí ajínigbé, wọ́n ní ká gbé òkú lọ Lọ́kọ́ja ká sin ín síbẹ̀, kí kálukú padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Lọ́kọ́ja! Ìyá tó ti fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀. N kò sì lè bínú sí wọn tán, torí ọjà Ìsánlú tí mò ń ná yìí, aago mẹ́ta ọ̀sán ni mò ń palẹ̀ mọ́. Obìnrin tó dá gbọ́mọ pọ̀n lọ Kánò, ẹ̀rù ń ba àwa ọmọ rẹ̀ láti ti Kàbà wá Ẹ̀gbẹ̀ wá sin ín. Sátidé la tún fẹ́ jókòó. Má wá o. Mo fẹ́ rí ọ ju ohun gbogbo lọ, ṣùgbọ́n má wá.

Àkọ́bí mi yege JAMB, iṣu ṣe dáadáa lọ́dún yìí, alájọ ti san owó wa.

Nígbà tí mò ń fọ aṣọ rẹ̀, mo tú tòbí rẹ̀. Obì kan ló wà níbẹ̀ àti páálí kékeré tí mo kọ nọ́mbà Hàjíà sí, ọwọ́ ìwé mi ìgbà tí a wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Lẹ́ẹ̀dì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Mo pè é, kò wọlé. Hàjíà yìí ló ránṣẹ́ ní 1966 tí Kánò dàrú, pé kí Ìyá má tíì wá. Ó kó ẹrù aṣọ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sínú ìyẹ̀wù, nígbà tí Ìyá sì padà débẹ̀, ìdì kan ò dín. Jọ̀wọ́, bá mi wá a lọ. Inú ìlú àtijọ́ ni, ní Kofar Mata níbi kòtò aró, aláró ni ọkọ rẹ̀. Bèèrè Hàjíà tó ní ọ̀rẹ́ ará Kàbà. "Ará Kàbà" ni wọ́n ń pe gbogbo wa níbẹ̀. Mú gbànja dání, kì í jẹ àbàtà. Jókòó tì í kí o tó sọ ọ́ fún un.

Bó bá jẹ́ pé òun ló ṣaájú, má pè mí lórí fóònù. Kọ lẹ́tà.

Èmi ni,
Alágbàdo