Lẹ́tà sí Àjọkẹ́ lórí iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀

Adó-Ekìtì

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Gbogbo ilé ń kí ọ. O ní o fẹ́ dá iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ fún ọ lórí CrI3, ohun tí kúrómíọ̀mù àti áyódíìnì para pọ̀ di, padà, nítorí pé àwọn onímọ̀ físíìsì méjì, Mermin àti Wagner, ti fi ìṣirò hàn ní 1966 pé mágnẹ́ẹ̀tì kò lè dúró nínú ohun tó tín-ín-rín bí ìpele átọ̀mù kan. Jọ̀wọ́, má tíì dá a padà. Òfin yẹn ní àdéhùn kan nínú tí o fò.

Ohun tí wọ́n sọ ni pé bí mágnẹ́ẹ̀tì inú átọ̀mù bá lè kọjú síbi tó wù ú, ooru bíńtín ti tó láti tú wọn ká. Ọ̀kan á yà díẹ̀, èyí tó tẹ̀ lé e á tún yà díẹ̀, bí òfófó tó ń ti ilé kan bọ́ sí òmíràn ní Òkèṣà, kó tó dé ìparí àdúgbò ó ti di ọ̀rọ̀ mìíràn.

CrI3 kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè tàbí ìsàlẹ̀ ni tirẹ̀ ń fẹ́ kọjú sí, agbára ló sì máa gbà á kó tó lè yà. Ní 2017, àwọn olùwádìí fi sẹ́lótéèpù bó o títí ó fi ku ìpele kan, nínú àpótí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, torí ọ̀rinrin ń tètè bà á jẹ́. Wọ́n tan léésà sí i, wọ́n wo bí ìmọ́lẹ̀ tó ta padà ṣe yí. Mágnẹ́ẹ̀tì dúró, títí dé 45 Kelvin, òtútù tó tó nǹkan bí 228 lábẹ́ òdo ní Sẹ́síọ́ọ̀sì! Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní físíìsì, ìpele méjì ló yà mí lẹ́nu jù: ọ̀kan kọjú sókè, èkejì sísàlẹ̀, wọ́n pa ara wọn rẹ́. Ó di mẹ́ta, mágnẹ́ẹ̀tì tún padà.

O ní kò sí ẹ̀rọ òtútù lọ́dọ̀ yín. Ìṣirò ni kí o mú. Ọ̀fẹ́ ni Quantum ESPRESSO, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò agbára inú ohun èlò, átọ̀mù mẹ́jọ péré ló sì wà nínú unit cell ìpele kan, ìyẹn ègé kékeré tó ń tún ara rẹ̀ ṣe káàkiri ìpele náà. Ṣírò agbára rẹ̀ nígbà tí spin, ìyẹn mágnẹ́ẹ̀tì inú átọ̀mù yẹn, kọjú sókè, ṣírò rẹ̀ nígbà tó dùbúlẹ̀, yọ ọ̀kan nínú èkejì; ohun tó kù ni agbára tó máa gbà á kó tó lè yà. Má gbàgbé spin-orbit o, ìyẹn ohun tó so spin pọ̀ mọ́ bí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń yí átọ̀mù po. Láìsí i, òdo ni wàá rí, torí ara áyódíìnì tó wúwo yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti ń wá.

Ní ti iná, bàbá rẹ ti gbà láti ra ínfátà fún ọ. Lọ bá ọ̀gá rẹ lọ́jọ́ Ajé, sọ fún un pé o gbà á. Iye àkọ́kọ́ tó bá jáde, fi ránṣẹ́ sí mi kí n rí i.

Ìyá rẹ