Ọmọ mi, kí ló mú ẹ fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì gan-an?

Àjọkẹ́ mi,

Mo ti ka ìwé tó o fi ránṣẹ́, èyí tó o fẹ́ fi síwájú àwọn tó máa gbà ẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo kà á, mo tún un kà, inú mi dùn ọkàn mi sì tún dàrú díẹ̀. Inú mi dùn torí mi ò sọ fún ẹ rí pé kó o wá ṣe iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìwọ fúnra ẹ lo gbẹ́sẹ̀ wá síbẹ̀. Ohun tó dà mí lọ́kàn rú ni pé ìwé yẹn ò jọ ẹ́ rárá. "Mo nífẹ̀ẹ́ àwọn èèyàn, mo fẹ́ máa ran aráyé lọ́wọ́, àti kékeré ló ti wù mí." Kò burú o, ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe tíṣà lè sọ bẹ́ẹ̀, pásítọ̀ lè sọ ọ́, ẹni tó fẹ́ ṣe ọlọ́pàá náà lè sọ ọ́. Ìwọ Àjọkẹ́ dà nínú ẹ̀?

Má rò pé torí káwọn èèyàn yẹn lè gbà ẹ́ nìkan ni mo ṣe ń yọ ẹ́ lẹ́nu. Wọ́n lè gbà ẹ́ pẹ̀lú ìwé yẹn bó ṣe wà, wọ́n ti ka irú ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀. Iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ ló máa bi ẹ́ ní ìbéèrè náà nígbà tó bá yá, kò sì ní bi ẹ́ ní ọ̀sán tí gbogbo èèyàn wà níkàlẹ̀, aago mẹ́ta òru ló máa bi ẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ ti wú, tó o sì ń pààrọ̀ bẹ́ẹ̀dì ọkùnrin kan tó ti yàgbẹ́ sára lẹ́ẹ̀mẹta, tó sì ń bú ẹ bó o ṣe ń nù ún. Ìfẹ́ aráyé kì í sábà sí nítòsí ní irú àkókò yẹn, ọmọ mi. Òótọ́ ni mò ń sọ fún ẹ. Ohun tó máa ń dúró ti èèyàn ni pé ọwọ́ ẹ̀ ò lè fi ara ẹlòmíì sílẹ̀ nínú ìdọ̀tí, bóyá onítọ̀hún dúpẹ́ bóyá kò dúpẹ́. Mo ti bá oríṣiríṣi nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́, àwọn tí mo rí tí wọ́n pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tí ojú wọn ò kú, àwọn tó ní nǹkan kékeré kan báyìí tí wọn ò lè gbójú fò ni. Ẹnì kan ò lè rí ìrọ̀rí tó wọ́ kó má tún un tò. Ẹlòmíì ò lè gbọ́ kí aláìsàn wúkọ́ kó má yíjú.

Ó yá, kí ló dé tó ò kọ nǹkankan nípa màmá àgbà?

Mo wá a nínú ìwé yẹn títí, mi ò rí i. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá ìyá bàbá ẹ dúbúlẹ̀, o ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Èmi ni mo kọ́ ẹ pé ká máa yí i padà ní wákàtí méjì-méjì, ìwọ lo lọ mú ìwé àkọsílẹ̀ tó o ń fi kọ hómúwọ̀kì, o fa ìlà sí i, o ń kọ aago tá a yí i sí ọ̀tún àti aago tá a yí i sí òsì, kò sẹ́ni tó rán ẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan o wá bá mi, o ní, "Màmá, gìgísẹ̀ màmá àgbà gbóná níbì kan ṣoṣo." Ṣé o rántí? Mo lọ wò ó. Ara màmá dúdú, kò sí pupa kankan téèyàn lè fojú rí, ṣùgbọ́n tí mo fọwọ́ kàn án, ibẹ̀ gbóná lóòótọ́, ó sì le díẹ̀ ju ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ lọ. Bí egbò àwọn tó pẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwúwo ara á máa tẹ ẹran mọ́ eegun, ẹ̀jẹ̀ ò ní ráyè kọjá, ẹran á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú, kí awọ tó bẹ́ síta nǹkan á ti bàjẹ́ nísàlẹ̀. Lára aláwọ̀ dúdú ó rọrùn kí ojú fò ó, àfi kéèyàn fọwọ́ wá a. Àwọn tó ti gbọ́jọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ń fò ó. A fi ìrọ̀rí sábẹ́ ojúgun ẹ̀ kí gìgísẹ̀ má bàa kan bẹ́ẹ̀dì mọ́, ibẹ̀ sì padà tutù. Egbò yẹn ò yọ.

Ìdí tó o fi fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì nìyẹn, àbí kí lo tún ń wá? O fọwọ́ kan ara èèyàn, o rí i pé nǹkan ti yí padà, o ò dákẹ́. Kọ ìyẹn. Kọ bí yàrá yẹn ṣe máa ń rùn láàárọ̀, kọ pé ó rẹ̀ ẹ́, kọ ìgbà tínú bí ẹ sí màmá àgbà torí pé ó da omi sí ẹ lára, má fi pamọ́. Ẹni tó máa kà á á mọ̀ pé ẹni tó ti dé ibẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn títí lọ, ojú wíwò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé abẹ́rẹ́ là ń gún láti àárọ̀ dalẹ́. Jẹ́ n sọ ọ̀kan fún ẹ. Tá a bá fẹ́ ka iye ìgbà tí aláìsàn ń mí, a kì í sọ fún un, torí ẹni tó bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ka èémí òun ò ní mí bó ṣe máa ń mí mọ́. A máa ń di ọrùn ọwọ́ ẹ̀ mú bíi pé a ṣì ń ka bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, àmọ́ àyà ẹ̀ tó ń lọ sókè tó ń lọ sódò là ń fẹ̀gbẹ́ ojú wò, fún odindi ìṣẹ́jú kan. Àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́, 12 sí 20 ló yẹ ká kà. Tó bá ti di 26 tàbí 28, kódà kí BP ẹ̀, ìyẹn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ṣì dáa, kí òun fúnra ẹ̀ máa sọ pé kò sí nǹkankan, nǹkan ń bọ̀ nìyẹn, ọ̀pọ̀ ìgbà èémí ló máa kọ́kọ́ yí padà kí BP tó já wálẹ̀, àkókò tó wà láàárín méjèèjì yẹn lèèyàn fi ń sá eré pe dókítà. Mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó kàn ń kọ 20 sílẹ̀ fún gbogbo aláìsàn inú wọ́ọ̀dù láìwo àyà ẹnikẹ́ni. Inú máa ń bí mi gan-an tí mo bá rí i. Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo ni o! Ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní ìdí gidi fún wíwà níbẹ̀, ìṣẹ́jú kan yẹn á dà bí ọdún lójú ẹ̀.

Nípa owó tó o kọ sí ìsàlẹ̀ tó o wá pa á rẹ́ (mo ṣì rí i, o ò pa á rẹ́ dáadáa), má tijú ẹ̀. Kò sóhun tó burú nínú kéèyàn fẹ́ iṣẹ́ tó máa bọ́ òun. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2025 pé nọ́ọ̀sì tó wà láyé súnmọ́ mílíọ̀nù 30, síbẹ̀ èyí tá a ṣì nílò lé e lórí tó mílíọ̀nù 5.8, torí náà iṣẹ́ wà, á sì máa wà. Kí owó jẹ́ ọ̀kan nínú ìdí ẹ, o gbọ́? Mi ò fẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ṣá, torí tó bá jẹ́ òun nìkan, iṣẹ́ míì wà tó ń pa owó ju èyí lọ tí ẹ̀yìn ò sì ní máa dun èèyàn. Ẹ̀yìn dídùn yẹn kì í ṣe àsọdùn o, gbígbé èèyàn láti bẹ́ẹ̀dì sórí àga ń ba ẹ̀yìn jẹ́, kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi orúnkún àti itan gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kó o yọ kúrò pátápátá ni "torí pé nọ́ọ̀sì ni màmá mi." Àjọkẹ́, aṣọ funfun lo rí. O rí mi tí mò ń jáde, o rí mi tí mò ń wọlé, o ò rí ohun tó wà láàárín. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ náà bá korò lẹ́nu ẹ, ojú mi ni wàá máa wò. Tó o bá pinnu lọ́la pé o ò ṣe mọ́, mi ò ní bínú, bàbá ẹ náà ò ní bínú, a ti sọ ọ́. Àwọn ìdílé míì wà tó jẹ́ pé ṣe ni wọ́n ń dí ọmọ lọ́wọ́. Florence Nightingale, nọ́ọ̀sì ará Bírítéènì tí wọ́n bí ní May 12, 1820, tó jẹ́ pé ọjọ́ ìbí ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe Ọjọ́ Nọ́ọ̀sì káàkiri ayé, ilé olówó ló ti wá, wọn ò fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ yìí rárá, wọ́n kà á sí iṣẹ́ tí kò yẹ ọmọ wọn. Ó ṣe é. Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa sọ nípa fìtílà tó máa ń gbé kiri wọ́ọ̀dù lóru, èmi ò tiẹ̀ ka fìtílà yẹn sí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìwòsàn àwọn sójà Bírítéènì ní Scutari, nílẹ̀ Tọ́kì, ní 1854 lásìkò ogun Crimea, àìsàn ló ń pa àwọn sójà ju ọgbẹ́ ogun lọ, òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ wá kó iye àwọn tó kú jọ àti ohun tó pa wọ́n, wọ́n yà á sórí ìwé kí ìjọba lè fojú ara wọn rí i. Mary Seacole ńkọ́, ọmọ Jamaica, tó ní òun fẹ́ lọ tọ́jú àwọn sójà níbi ogun yẹn kan náà, wọn ò gbà á, ó sì fi owó ara ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fipá mú èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì ṣe iṣẹ́ yìí, ohun tí mo fẹ́ kó o rí níbẹ̀ nìyẹn.

Ìṣirò tó o ní ò ń bẹ̀rù, máa fi ṣeré láti ìsinsìnyí. Kò le tó bó o ṣe rò. Tí wọ́n bá ní kó o fa omi lítà kan sí aláìsàn lára fún wákàtí 8, tí rọ́bà tó o fẹ́ lò sì máa ń kán ẹ̀kán 20 fún mílílítà kọ̀ọ̀kan, ẹ̀kán 20,000 nìyẹn, pín in fún ìṣẹ́jú 480, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 42 ní ìṣẹ́jú kan. Wàá dúró, wàá wo aago, wàá máa ka ẹ̀kán omi. Tó o bá ti ṣe é títí, wàá kàn wo dírípù láti ẹnu ọ̀nà, wàá mọ̀ pé ó ń sáré jù.

Nǹkan kan wà tí mi ò sọ fún ẹ rí torí o ṣì kéré. Ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń bá òkú sọ̀rọ̀. Tí aláìsàn bá kú lọ́wọ́ wa, ká tó gbé e lọ, a máa ń wẹ̀ ẹ́ kí àwọn èèyàn ẹ̀ tó wọlé wá wò ó. Bó ṣe jẹ́ pé tó bá wà láàyè omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ ni màá lò, omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ náà ni màá lò fún un. Màá fi aṣọ bo ibi tí mi ò tíì wẹ̀, kò ní wà níhòòhò. Màá sọ fún un pé, "Bàbá, mo fẹ́ yí yín sí apá òsì o." Kò sẹ́ni tó ń gbọ́, kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì sí ibi tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sínú fáìlì. Tó o bá ka ibi tí mo wí yìí tó o sì rò ó pé ìwọ náà lè ṣe é, tó ò rò pé ó ń dẹ́rù bà ẹ́ jù, jẹ́ kí n mọ̀. Tó bá sì dẹ́rù bà ẹ́ jù, jẹ́ kí n mọ̀ náà, ẹ̀rù ń ba èmi náà nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó sì dáa ká sọ ọ́ báyìí ju ká máa sọ ọ́ lẹ́yìn tó o bá ti wọlé ẹ̀kọ́.

Torí náà tún ìwé yẹn kọ. Má jẹ́ kó gùn. Bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀ màmá àgbà, má fi gírámà ńláńlá sí i, "àánú" àti "ìfọkànsìn" tó pọ̀ nínú ẹ̀, yọ gbogbo ẹ̀. Ìwé àkọsílẹ̀ tó o fa ìlà sí yẹn, ó ṣì wà lọ́wọ́ mi, màá ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ kó o lè rí àwọn aago tó o kọ. Tí wọ́n bá pè ẹ́ wá fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á bi ẹ́ kí ni wàá ṣe tí aláìsàn bá kọ̀ oògùn. Má sọ pé wàá fipá mú un, sọ pé wàá bi í léèrè ìdí ẹ̀, wàá ṣàlàyé fún un, wàá kọ ọ́ sílẹ̀, wàá sì sọ fún dókítà.

Kó o sì lọ bẹ̀rẹ̀ àjẹsára hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn nípa ẹ̀jẹ̀, lọ́sẹ̀ yìí, má dúró dìgbà tí wọ́n bá gbà ẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà máa ń gbà á, oṣù mẹ́fà ló sì máa ń gbà kó tó pé, mi ò fẹ́ kó o fọwọ́ kan abẹ́rẹ́ ẹnikẹ́ni kó tó parí.

Èmi ni,
Màmá ẹ.