Ẹ̀sùn Lórí Àpótí Orin Kọ́ńtírì Tí Mo Rà Lọ́wọ́ Yín

Ìbàdàn

Sí Ọ̀gá Ẹ̀ka Tó Ń Gbọ́ Ẹjọ́ Oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo san ₦42,000 fún àpótí síídì mẹ́rin yín, èyí tí ẹ fi kó orin kọ́ńtírì ilẹ̀ Amẹ́ríkà jọ láti ọdún 1945 dé 1965. Bàbá mi tó pé ọgọ́rin ọdún ni mo rà á fún. Jim Reeves ni wọ́n máa ń gbé sí i ní gbogbo òwúrọ̀ Sọ́ńdè nígbà tí a wà ní kékeré. Mi ò rí àléébù kankan lára síídì yẹn, ohùn rẹ̀ já gaara. Ìwé pẹlẹbẹ tó bá a wá ló bí mi nínú.

Ojú ìwé kẹfà ni Bàbá dé tí wọ́n fi bọ́ jígí ojú wọn. Wọ́n ní, "Ta ló kọ eléyìí?" Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé bàálù kan náà ló pa Patsy Cline àti Jim Reeves. Irọ́ gbáà ni. Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 1963 ni bàálù tó ń gbé Patsy Cline bọ̀ láti òde eré ní Kansas City já nítòsí Camden, ní ìpínlẹ̀ Tennessee. Cowboy Copas àti Hawkshaw Hawkins, olórin bíi tirẹ̀, bá a lọ. Ti Jim Reeves di ọjọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1964. Òun fúnra rẹ̀ ló ń wa bàálù kékeré náà, Dean Manuel tó ń tẹ dùùrù fún un wà pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n sì ko ìjì òjò nítòsí Nashville. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi wá wọn nínú igbó. Bàbá kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà, ikú yẹn sì dùn wọ́n títí dòní.

Ẹ tún ní Patsy Cline ni obìnrin tó kọ́kọ́ dá kọrin dé ipò kìíní lórí àtẹ kọ́ńtírì Billboard, ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà tó ń to orin ní ipò-ipò. Kitty Wells ni, ọdún 1952. Hank Thompson ló kọrin tó di gbogbo ẹ̀bi ru obìnrin, Kitty Wells sì fi "It Wasn't God Who Made Honky Tonk Angels" dá a lóhùn. Owó iṣẹ́ ọjọ́ kan, $125, ló torí ẹ̀ gbà láti kọ ọ́! Àwọn rédíò kan kọ̀ ọ́, àwọn ará ìlú rà á.

Èyí tó dun èmi gan-an kò ju ìlà kan lọ: "Slowly" tí Webb Pierce kọ, tó gbòde ní 1954. Ẹ ò dárúkọ Bud Isaacs rárá, ẹni tó ta gìtá onípẹ́dàlì tó ń sunkún nínú orin náà. Ẹni tó bá ti gbọ́ Demola Adepoju tó ń ta irú gìtá yẹn lẹ́yìn King Sunny Ade yóò mọ ìdí tó fi ká mi lára.

Mo pè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù ní orin ṣáà ń dún, kí ni mo tún ń wá?

Ìwé tí ẹ tún ṣe ni mo ń wá, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ẹ sì fi ránṣẹ́ láàárín oṣù kan, tàbí kí ẹ dá ìdajì owó mi padà. Mi ò lè dá àpótí náà padà, Bàbá ò ní gbà. Wọ́n ti fi bíró pupa tún ojú ìwé kẹfà kọ. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín.

Èmi ni,
Oníbàárà yín