Ọ̀rọ̀ sí àwọn oníbàárà wa lórí ìrìn àjò Àkúrẹ́ àti ìsinmi awakọ̀

Ẹ̀yin oníbàárà wa ọ̀wọ́n,

A kí yín, a sì dúpẹ́ bí ẹ ṣe ń bá wa dòwò pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí. Ọ̀rọ̀ kan ti ń ti ẹnu dé ẹnu pé awakọ̀ wa pa àwọn èrò tì sí Ọ̀rẹ́ lóru, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó kan ní Àkúrẹ́. Kò pa ẹnikẹ́ni tì. Ó dúró sinmi ni, ó sì tọ́ kí ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Àdéhùn wa pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó háyà ọkọ̀ náà, tí a kò ní dárúkọ, ni pé agogo mẹ́fà àárọ̀ ni a ó gbéra, pé agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni a ó kúrò ní Àkúrẹ́, àti pé èrò kò ní ju àga lọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni awakọ̀ wa ti dé ẹnu ọ̀nà wọn, ṣùgbọ́n ó ti kọjá agogo mẹ́jọ kí ẹni tí aṣọ ẹbí wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó yọjú. Nígbà tí wọ́n wọlé tán, wọ́n ti to àpótí sí àárín bọ́ọ̀sì Coaster tí àga rẹ̀ kò ju 30 lọ, wọ́n sì fi àwọn ọ̀dọ́ jókòó lé e. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì, ó ní òun kò ní gbéra àfi bí àwọn tí kò ní àga bá sọ̀kalẹ̀. A wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbá, nítorí ẹrù àpọ̀jù a máa bẹ́ táyà nínú oòrùn, ẹni tó sì jókòó lórí àpótí kò ní bẹ́líìtì kankan tí yóò dì í mú.

Kí wọ́n tó dé Ọ̀rẹ́, kí wọ́n tó yà sí ọ̀nà Ondó, ibi tí wọ́n ti ní kó dúró kò lóǹkà. Ní ìkọjá Ajébándélé, kúlà ìkọ́kọrẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò so mọ́lẹ̀ dojú dé, epo pupa sì ṣàn dé ẹnu àtẹ̀gùn. Awakọ̀ fúnra rẹ̀ ló bu yẹ̀pẹ̀ gbígbẹ dà á, tó tún gbá a kúrò, kí àwọn ìyá àgbà má baà yọ̀ ṣubú. (Ìkọ́kọrẹ́ kì í ṣe oúnjẹ tó yẹ kó rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú ni wá, ó yé wa.)

Agogo mẹ́jọ alẹ́ ti kọjá kí wọ́n tó kúrò lóde. Nígbà tó dé Ọ̀rẹ́, oorun ń kùn ún, ó yà sí ilé epo tí iná wà, ó sì ní kí wọ́n jẹ́ kí òun sùn díẹ̀. Èébú ni wọ́n fi dá a lóhùn; ẹnìkan tilẹ̀ ní kó kó kọ́kọ́rọ́ wá. Ìtọ́ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ni pé bí awakọ̀ bá ti wakọ̀ fún wákàtí 4, kó sinmi fún ìṣẹ́jú 30, wákàtí tó sì fi ń dúró dè yín nínú ọkọ̀ gbígbóná lẹ́yìn gbọ̀ngàn àríyá kì í ṣe ìsinmi. Ọ̀nà tó kù níwájú rẹ̀ la igbó J4 kọjá, níbi tí tírélà tó bàjẹ́ ti lè wà lójú títì láìtan iná.

Nítorí náà, láti ìsinsìnyí lọ, ìrìn àjò tó bá máa pẹ́ dé alẹ́ yóò ní awakọ̀ méjì, a ó sì sọ iye rẹ̀ fún yín kí ẹ tó sanwó. Àkókò tó bá lé lórí àdéhùn yóò ní owó tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ háyà fún Ojúde Ọba, ẹ tètè wá, ẹ sì mú iye èrò yín gan-an wá. Ẹni tó bá ti san àsansílẹ̀ tí kò fara mọ́ èyí, owó rẹ̀ wà nílẹ̀, kó wá gbà á. Awakọ̀ náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú wa.