Má tíì fọwọ́ sí i, Àyìnkẹ́

Àyìnkẹ́ ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pè ọ́ láti ọjọ́ Ajé, o ò gbé e. O kàn fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé, "Màmá, mo máa pè yín padà." Ìgbà wo? Lẹ́nu àbúrò rẹ ni mo ti wá gbọ́ pé o ti rí ọkọ̀ tí o fẹ́ rà, pé àlòkù ni ṣùgbọ́n ó mọ́ tónítóní, àti pé ẹni tó ń tà á ní kí o fi owó lé owó kó lè fún ọ ní wáráńtì ọdún méjì sí i. Ó ní o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ sí i, pé ọkùnrin náà ní kó tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Abọ́ ni mò ń fọ̀ nígbà tó sọ ọ́. Mo gbé e sílẹ̀, mo lọ wá bírò.

Má tíì fọwọ́ sí i.

Kì í ṣe pé mo ń bínú sí ọkọ̀ rírà o. Inú mi dùn débi pé mo ti sọ fún àwọn tí kò yẹ kí n tíì sọ fún. Àmọ́ mo mọ irú ẹni tí o jẹ́. Bí èèyàn bá ti sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ sí ọ, tó fún ọ ní àga, tó bu omi tútù fún ọ, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í tì ọ́ láti sọ pé rárá. Ọ̀dọ̀ mi lo ti mú un.

Ilé wà bó ṣe wà. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn ti tún ń jò. Bàbá yín ní àwọn máa gùn ún fúnra àwọn, mo ti gbé àkàbà pamọ́. Àbúrò rẹ ti parí ìdánwò, kò sọ bó ṣe lọ, èmi náà ò sì béèrè mọ́.

Orúkọ tí wọ́n ń pe nǹkan yìí gan-an ń tan ni jẹ. Wáráńtì gidi ni èyí tó wà nínú iye tí wọ́n ta ọkọ̀, tí ẹni tó ṣe é tàbí ẹni tó tà á fi ń dúró lẹ́yìn ọjà rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń gba owó ọ̀tọ̀ lé lórí, àdéhùn àtúnṣe ni. Ò ń sanwó àìsàn tí kò tíì ṣe ọkọ̀. Ẹni tó ń gba owó náà sì ti ṣírò rẹ̀ tipẹ́: ohun tó máa ná lórí gbogbo ọkọ̀ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kéré sí ohun tó gbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ti kógbá sílé. Ẹni tó ń tà á fún ọ náà ní èrè tirẹ̀ níbẹ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ kí iye tó kọ́kọ́ pè máa já wálẹ̀ bí èèyàn bá dìde bí ẹni tó fẹ́ lọ. Dán an wò. Dìde, mú báàgì rẹ. Wàá gbọ́ iye mìíràn kí o tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ Àbámẹ́ta tó sọ yẹn náà, ọ̀rọ̀ ọjà ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, èèyàn ṣì lè ra irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti gbé ọkọ̀ lọ, lọ́wọ́ ẹlòmíràn pàápàá.

Ṣé o rántí ọkọ̀ búlúù wa? O kéré nígbà náà, ẹ̀yìn lo máa ń jókòó sí, wàá mí sí gíláàsì títí táá fi funfun, wàá sì fi ìka kọ orúkọ rẹ sí i. Mo ra wáráńtì lé ọkọ̀ yẹn. Gbogbo ilé ló mọ ìtàn rẹ̀: ẹ́ńjìnnì nọ́ọ̀kì, ilé iṣẹ́ wáráńtì kọ̀ kò san kọ́bọ̀, oníjìbìtì ni wọ́n. Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni bàbá yín ṣe ń sọ ọ́ títí dòní. Máa bá mi bọ̀.

Àbúrò rẹ tún sọ ohun kan tí orí fi fọ́ mi. Ó ní wọ́n ní o ò ní mọ̀ ọ́n lára, pé wọ́n á da owó wáráńtì pọ̀ mọ́ owó tí o fẹ́ yá, wàá máa san án lóṣooṣù. Àyìnkẹ́! Ìwọ tí o máa ń ka ṣéńjì lẹ́ẹ̀mejì! Oṣù 60 lo fẹ́ fi san owó ọkọ̀ yẹn. Oṣù 24 ni wáráńtì. Lẹ́yìn tí wáráńtì bá ti kú, wàá ṣì máa san owó rẹ̀ fún oṣù 36, pẹ̀lú èlé lórí rẹ̀. Oúnjẹ òkú lò ń rà. Bí o bá máa rà á rárá, fi owó ọwọ́ rẹ rà á lọ́tọ̀, kí o lè rí i bó ṣe tóbi tó.

Oṣù 24 yẹn pàápàá, wò ó dáadáa. Wọ́n máa ń fi iye kìlómítà tì í, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló parí rẹ̀. Ìwọ tí ibi iṣẹ́ rẹ jìnnà tó yẹn, ó lè má pé oṣù 15. Béèrè pẹ̀lú bóyá wáráńtì ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ṣì kù lórí rẹ̀. Bó bá kù, ọjọ́ wo ni tuntun yìí máa bẹ̀rẹ̀? Bó bá jẹ́ ọjọ́ tí o fọwọ́ sí i ni, ohun tí o ti ní tẹ́lẹ̀ lo tún fẹ́ rà.

Bí o bá sì gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú ìwé tí wọ́n kọ ohun tí wọn ò ní san sí ni kí o kọ́kọ́ ṣí. Èyí tí wọ́n máa san, ìyẹn ni wọ́n á fi hàn ọ́ fúnra wọn, wọ́n á tún fi bírò yí i po. Bíréèkì, táyà, bátìrì, wáípà, gbogbo ohun tó ń jẹ díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ ti ń rìn, kì í sábà sí nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ àwọn wọ̀nyẹn lo máa kọ́kọ́ pààrọ̀. Ìwé kan wà tó máa ń dárúkọ ohun tó máa san lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí kò bá ti sí lórúkọ, kò kàn wọ́n. Síìlì bíńtín lè ya kí gbogbo ọ́ìlì tú dànù, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì làwọn kọ, àwọn ò kọ síìlì. Òmíràn á dárúkọ ohun tí kò ní san, á ní gbogbo ìyókù wà lọ́rùn òun. Ìyẹn sàn, ìyẹn náà ló sì wọ́n jù. Mọ èyí tó wà níwájú rẹ. Owó tí ìwọ fúnra rẹ máa fi sílẹ̀ nígbà àtúnṣe ńkọ́? Lórí ìgbà tí o bá gbé ọkọ̀ lọ ni, àbí lórí ohun kọ̀ọ̀kan tó bàjẹ́? Bí nǹkan mẹ́ta bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn mìíràn á gbà á lẹ́ẹ̀mẹta.

Ohun tó ti wà lára ọkọ̀ kí o tó rà á, wọn ò ní san án. Ta ló wá mọ ìgbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ lára àlòkù? Mẹkáníìkì tí kì í ṣe tiwọn ni kó kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọ mi. Kó gbé e sókè, kó wo abẹ́ rẹ̀, kó fi ẹ̀rọ ka kọ̀ǹpútà rẹ̀, kó kọ ohun tó rí sílẹ̀ kó sì kọ déètì sí i. Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò lè tó owó wáráńtì. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí àyè fún mẹkáníìkì, kúrò níbẹ̀, àti ọkọ̀ àti wáráńtì. Wo nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà fúnra rẹ, èyí tí lẹ́tà àti nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 17 lápapọ̀, ní ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú. Fi ìka tẹ̀ lé e pẹ̀lú ti inú ìwé àdéhùn, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ṣé ò ń jẹun? Ohùn rẹ ti rẹlẹ̀ nígbà tí a sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.

Mi ò jẹ́ kí àbúrò rẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí. Mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, màá ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, kí o fara dà á bí ọwọ́ mi bá rí wálawàla. Ohun tó kù kì í ṣe ohun tí mo fẹ́ kí òun kà.

Iná pupa kan wà lórí dáṣíbọ́ọ̀dù ọkọ̀ búlúù, ó dà bí agolo ọ́ìlì tí nǹkan ń kán lẹ́nu rẹ̀. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń tàn kó tó di pé ẹ́ńjìnnì kú. Bí mo bá dúró díẹ̀ á ṣẹ́jú, bí mo bá tún ti ń lọ á kú. Mo rí i. Lójoojúmọ́ ni mo ń rí i. Ìwọ náà rí i, o nawọ́ láàárín àga méjèèjì, o ní, "Màmá, kí ni iná yẹn?" Mo ní, "Fi í sílẹ̀, a ní wáráńtì." O mú un ṣe orin. "A ní wáráńtì, a ní wáráńtì," títí a fi délé.

Nígbà tí ọkọ̀ dákẹ́ tán, ilé iṣẹ́ náà rán ẹnì kan wá. Ó tú ìdérí ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ó ti ìka kan bọ inú rẹ̀, ó sì nù ún sára aṣọ funfun kan níwájú mi. Ọ́ìlì náà dúdú, ó ki bí ọ̀dà. Ó béèrè rìsíìtì gbogbo ìgbà tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹyọ kan ni mo ní. Kì í ṣe pé ìyókù sọ nù, Àyìnkẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Ó ṣí ìwé tí mo fọwọ́ sí, ó fi ibẹ̀ hàn mí: bí ẹni tó ni ọkọ̀ bá rí àmì ìkìlọ̀ tó sì ń wà á lọ, àwọn ò ní san. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mi ò ka ìwé náà rí, ojú ń tì mí láti jẹ́ kí ẹni tó tà á dúró dè mí.

Mo délé, mo ní wọ́n lù mí ní jìbìtì. Bàbá yín wọ aṣọ tó dára jù, wọ́n lọ bá wọn níbẹ̀, wọ́n sì pariwo lé wọn lórí nítorí mi. Mo rò pé ilé iṣẹ́ náà fi aṣọ funfun tí ọ́ìlì wà lára rẹ̀ yẹn han bàbá yín náà. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n bọ́ aṣọ, wọ́n ká a. Owó tí wọ́n ti ń tọ́jú láti fi padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ wọn ni wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì mìíràn. Wọn ò padà mọ́. Mi ò tíì lè béèrè bóyá wọ́n mọ̀, láti ìgbà náà.

Nítorí náà bí mo bá ní má tíì fọwọ́ sí i, kì í ṣe olè nìkan ni mò ń bẹ̀rù. Ìwé yẹn ló di mí létí. Bí kò bá sí lọ́wọ́ mi ni, ọjọ́ tí iná kọ́kọ́ tàn ni ǹ bá ti dúró.

Mi ò ní kí o má rà á láé o. Bí mẹkáníìkì bá ní ara ọkọ̀ náà le, ṣùgbọ́n jíà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí àtúnṣe rẹ̀ ń gbọ́n àpò gbẹ. Bó bá jẹ́ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ náà gan-an ló dúró lẹ́yìn àdéhùn, kì í ṣe ẹni tí orúkọ rẹ̀ kéré bí ẹsẹ̀ èèrà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Bó sì jẹ́ pé ìbàjẹ́ ńlá kan ṣoṣo á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ, rà á, sùn fọnfọn. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, fi owó náà sí àkáǹtì tirẹ̀, kó máa dúró de ọkọ̀. Mo mọ̀ pé wàá ní owó ìpamọ́ kì í pẹ́ rìn. Òótọ́ ni. Àbúrò mi ọkùnrin ṣì jẹ mí ní irú owó bẹ́ẹ̀. Má sọ fún ẹnikẹ́ni pé o ní in.

Yálà o rà á tàbí o ò rà á, wá àpòòwé kan sínú ọkọ̀. Ọjọ́ tí o bá pààrọ̀ ọ́ìlì, kọ iye kìlómítà sẹ́yìn rìsíìtì, jù ú síbẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́, pe ilé iṣẹ́ wáráńtì kí mẹkáníìkì tó tú ohunkóhun, torí bí o bá kọ́kọ́ tún un ṣe, wọ́n lè ní àwọn ò mọ̀ ọ́. Bí iná pupa bá tàn, dúró, pa ọkọ̀. Bí o bá ti pẹ́ níbi iṣẹ́ ńkọ́? Pẹ́.

Ya fọ́tò ojú ìwé ohun tí wọn ò ní san yẹn ránṣẹ́ sí mi ní alẹ́ òní, kí n bá ọ kà á. Mo ti wá gíláàsì mi jáde.

Bàbá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, wọ́n béèrè ẹni tí mò ń kọ lẹ́tà gígùn báyìí sí. Mo ní ìwọ ni. Wọ́n ní kí n kí ọ, àti pé kí n rántí sọ ìtàn ọkọ̀ búlúù fún ọ.

Ìyá rẹ