Ohun tí mo rí láti orí Olúmọ

Abẹ́òkúta,
Àárọ̀ Sátidé.

Ìyá Ìbejì mi ọ̀wọ́n,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá wọn ńkọ́? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́?

Kámẹ́rà ti dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹni tí o fi rán fi tọ́jú ẹ̀ sí Èkó kó tó rántí mi, ṣùgbọ́n ó dé láìfọ́. Ẹ̀gbẹ́ ìrọ̀rí mi ló sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Olúwa á kún un fún ọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá ọ sọ, mò ń wá bí mo ṣe máa gbé e kalẹ̀. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kámẹ́rà ná.

Mo ti rò pé kámẹ́rà Nikon P900 yìí máa dà bí ohun ìṣeré lọ́wọ́ mi, torí pé wọn kì í pààrọ̀ lẹ́ńsì rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gíráàmù 899 ni, ó ń lọ sí kìlò kan. Ibi tí ọwọ́ ọ̀tún ń dì mú jìn dáadáa, gbogbo ìka ló rí àyè. Ọwọ́ òsì a gbé lẹ́ńsì lábẹ́, bí ẹni gbé orí ọmọ tuntun. Ọ̀nà méjì ni a lè gbà sún nǹkan mọ́ra: ọ̀kan wà lókè, níbi tí a ti ń tẹ fọ́tò, èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì lápá òsì. Èmi ò lo ti òkè mọ́. Tí mo bá fọwọ́ kàn án, gbogbo ara kámẹ́rà a mì. Ti ẹ̀gbẹ́ yìí, àtàǹpàkò òsì ló ń ṣe é, ọwọ́ ọ̀tún a dúró jẹ́ẹ́.

Ìlọ́po 83 ló ń sún nǹkan mọ́ra, láti mílímítà 24 tó ń gba ibi tó fẹ̀, dé 2000 tó ń fa ohun tó jìn. Tó bá nà dé òpin, lẹ́ńsì a yọ síta bí ọrùn alábahun. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. O mí díẹ̀, ohun tí ò ń wò ti sá lọ. Ẹyẹ ni mò ń wá lórí igi, òrùlé onílé kan ni mo bá níwájú mi! Àṣé bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì níbẹ̀: o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kámẹ́rà a fà sẹ́yìn, wàá rí àyíká, wàá rí ohun tó sá, o fọwọ́ sílẹ̀, ó padà síbi tó wà. Ẹni tó ronú kan ìyẹn ti lépa ẹyẹ rí.

Sensọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà, kéré gan-an, ìyẹn náà ló jẹ́ kí súùmù yìí lè gùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, àwòrán a dà bí ohun tí wọ́n da iyanrìn lé. Lọ́sàn-án gangan, ooru orí páànù a máa mú kí gbogbo Ìtòkú jó nínú lẹ́ńsì. Àárọ̀ lẹ́yìn òjò ló dára jù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gun Olúmọ láàárọ̀ Ọjọ́rú. Mo ya Odò Ògùn, mo ya ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's ní Aké, mo ya àwọn òrùlé pupa wa títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ni mo bá ní kí n wá ilé yín. Igi ìṣin ẹ̀yìnkùlé ni mo kọ́kọ́ rí. Mo tún sún un mọ́ra. Mo rí Màmá.

Aṣọ ni wọ́n fẹ́ lọ sá. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn dé ibi okùn aṣọ, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n dúró. Ọ̀pá wà lọ́wọ́ wọn, ọwọ́ kejì wà lára ògiri. Ó jọ pé ẹnìkan kanlẹ̀kùn níwájú, torí mo rí i tí wọ́n yíjú. Wọ́n yára fi ọ̀pá yẹn pamọ́ sẹ́yìn àgbá omi, wọ́n tún gèlè wé, wọ́n nàró kí wọ́n tó wọlé.

Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ kí wọn. "Ara mi le koko, ọmọ mi." Wọ́n fún mi lẹ́kọ, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọn ò dìde lórí àga títí mo fi lọ. Mi ò gbọ́ orúkọ ọ̀pá.

Ojú ń tì mí pé mo wo ẹni tó tọ́ wa láìgbàṣẹ. Mo ti pa fọ́tò náà rẹ́, má bèèrè ẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè mọ̀ kí n dákẹ́ fún ọ.

Jọ̀ọ́, pe àbúrò rẹ ní Kútọ̀, kó gbé wọn lọ rí dókítà. Kó má dárúkọ ọ̀pá. Kó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò, orúnkún á tẹ̀lé e. Tí ìwọ náà bá fẹ́ pè wọ́n, pe fídíò, kó o ní kí wọ́n dìde lọ fi igi ìṣin hàn ọ́. Má sọ pé èmi ni o.

Ìrẹsì Ọ̀fàdà tún ti wọ́n sí i; àkọ́bí mi yege; ọ̀rẹ́ wa ti Láfẹ́nwá bí ọkùnrin, ṣé o rántí ohun tó wí lọ́jọ́ ẹja? Bátìrì kan yìí ò lè gbé ju fọ́tò 360 lọ. Tí ẹnìkan bá ń bọ̀, EN-EL23 ni nọ́ńbà ẹ̀.

Màmá fi aṣọ ọjọ́ náà hàn mí kí n tó lọ. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ kéékèèké méjì, iṣẹ́ ara wọn kò yàtọ̀ síra. Wọ́n ní ti àwọn ìbejì ni.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ ní Ìkìjà.